Irúgbìn Tí Ó Ń Pa Kòkòrò: Kí Ni Ti Oyin Àti Agbọ́n Inú Oko Wa?

Ìbéèrè kan ni ó ń gba iwájú nínú ìpàdé wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, a kò sì fẹ́ kí ó di àríyànjiyàn tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Àwọn àgbẹ̀ inú ẹgbẹ́ gbọ́ pé irúgbìn àgbàdo àti ti ẹ̀wà kan ti jáde tí kòkòrò kò lè jẹ, wọ́n sì ń bèèrè bóyá ẹgbẹ́ lè fi owó àjùmọ̀ní rà á fún ẹ̀yáwó àkókò ọ̀gbìn. Àwọn tí ń sin oyin náà dìde, wọ́n ní bí ewé rẹ̀ bá ń pa kòkòrò, kí ni yóò dá oyin sí? Ìbéèrè méjèèjì tọ́. Ti àwọn olóyin ni a fẹ́ ṣe àlàyé lé lórí níhìn-ín, nítorí pé òun ni a máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dáhùn jù. Apá kan á ní kò léwu rárá. Apá kejì á ní májèlé ni. Kò sí èyí tí ó ràn ẹni tí ó fẹ́ tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀yáwó lọ́wọ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ irúgbìn tí à ń sọ. Ẹ̀wà kan wà tí ń jẹ́ SAMPEA 20-T. Ilé-ìwádìí IAR tí ó wà ní Samaru, Sààríà, ni ó mú un jáde pẹ̀lú àjọ AATF. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n kọ́kọ́ fi àbùdá tuntun náà sínú ẹ̀wà. NBMA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2015 láti máa ṣọ́ irú nǹkan báyìí, fọwọ́ sí i ní 2019, wọ́n sì gbé e jáde fún àwọn àgbẹ̀ ní 2021. Nàìjíríà ni ó kọ́kọ́ fi irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ lé àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní gbogbo ayé. Òwú ti ṣáájú rẹ̀ gba àṣẹ ní 2018. Àgbàdo ni ó tẹ̀ lé e: oríṣi mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní TELA, láti SAMMAZ 72T títí dé SAMMAZ 75T, tí a fọwọ́ sí ìjáde wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ariwo rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá fi ní kí a ṣe ìwádìí lórí gbogbo ohun ọ̀gbìn tí a yí àbùdá rẹ̀ padà, ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà.

Kí ni ó kàn wá nínú rẹ̀ ní ẹ̀bá títì Èkó sí Ìbàdàn níhìn-ín? Ẹ̀wà kì í ṣe olórí ọ̀gbìn wa. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé bá àgbàdo. Ní 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ámìwọ́ọ̀mù tí ó ti Amẹ́ríkà wá ní ilẹ̀ Áfíríkà, oko àgbàdo IITA ní Ìbàdàn àti ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Láti ìgbà náà, kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ń wọ inú ọkàn àgbàdo lọ, ó ń lu ewé ní ihò-ihò, ó sì ń da ìgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun igi ní ìdí ayùn. Láti ìgbà náà sì ni tánkì oògùn ti di ohun èlò oko bí àdá àti ọkọ́. Ẹlòmíràn ń fín oògùn lẹ́ẹ̀mẹta kí àgbàdo rẹ̀ tó yọ ọmọ. Ìdí nìyí tí ìròyìn irúgbìn tuntun fi dùn létí.

Ohun tí wọ́n fi sínú irúgbìn náà kì í ṣe oògùn inú ike. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ilẹ̀ tí ń jẹ́ Bacillus thuringiensis, tí a ń ké kúrú sí Bt. Ní 1901 ni Ishiwata, onímọ̀ ará Jápáànù, rí i lára àwọn ìdin tí ń ṣe sílíìkì, tí wọ́n ń kú. Ní 1911 Berliner ará Jámánì rí i lára ìdin àfòpiná tí ń bẹ nínú ìyẹ̀fun, orúkọ agbègbè Thuringia ni ó sì fi sọ ọ́. Láti 1938 ni wọ́n ti ń tà á ní ilẹ̀ Faransé gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń fín sí oko. Kì í ṣe ohun tuntun, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àná ni wọ́n ṣe é.

Kòkòrò àìfojúrí yìí ń ṣe prótéènì kan. Bí ìdin bá jẹ ẹ́, oje inú ikùn ìdin náà, tí ó mú bí omi eérú, yóò yọ́ ọ. Prótéènì náà yóò wá lẹ̀ mọ́ ojú kan lára ìfun, bí kọ́kọ́rọ́ ti ń bá àgádágodo rẹ̀ mu, yóò sì lu ìfun náà ní ihò. Ìdin náà kò ní lè jẹun mọ́, yóò sì kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé wọ́n mú àbùdá tí ó ń darí prótéènì yìí, wọ́n fi í sínú ẹ̀wà àti àgbàdo, tí ohun ọ̀gbìn náà fi ń ṣe é fúnra rẹ̀ nínú ewé àti igi rẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí nǹkan méjì: kò pa ohun tí kò jẹ ẹ́, kò sì pa ohun tí ìfun rẹ̀ kò ní àgádágodo yẹn. Oògùn tánkì kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá bà lé ni ó ń pa.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí Bt. Ara kòkòrò sílíìkì ni, kòkòrò tí ó ń mú owó wọlé. Ìdin labalábá àti ti àfòpiná ni irú Bt tí ó wà nínú ẹ̀wà àti àgbàdo yìí ń pa, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀tá àgbẹ̀. Àwa Yorùbá ní tiwa: sányán tí àwọn bàbá wa fi ń hun aṣọ òkè, láti ara ìdin àfòpiná inú igbó ni a ti ń rí òwú rẹ̀. Bí a bá mú ìdin sányán, tí a sé e mọ́lé, tí a fi ewé àgbàdo Bt bọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kí ó kú. Ǹjẹ́ èyí sọ pé sányán wà nínú ewu? Rárá. Ewé igi inú igbó ni ìdin náà ń jẹ. Kì í jẹ àgbàdo, kì í sì í jẹ ẹ̀wà. Ohun tí ó lè pani àti ohun tí yóò pani kì í ṣe ọ̀kan náà. Gbogbo iṣẹ́ àwọn tí ń gbé irú ewu yìí yẹ̀ wò dúró lórí ìyàtọ̀ náà: kí ni nǹkan yìí lè ṣe, ṣé yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí à ń bẹ̀rù fún, báwo ni èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ti pọ̀ tó?

Bí wọ́n ti ń ṣe é kò jìnnà sí bí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wa ti ń yẹ ẹni tí ó fẹ́ yá owó wò. Ìgbìmọ̀ á kọ́kọ́ wo ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀. Bí ìwé bá mọ́, ó parí. Bí ìwé bá rú wọn lójú, wọ́n á pe onídùúró. Bí ọ̀rọ̀ onídùúró kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, nígbà náà ni wọ́n á gun ọ̀kadà lọ wo oko náà fúnra wọn. Àwọn onímọ̀ pẹ̀lú á kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn kòkòrò tí ń ṣe oore níbi tí a fẹ́ gbin nǹkan náà sí: èyí tí ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti ibìkan dé ibòmíràn, èyí tí ń pa kòkòrò mìíràn jẹ, èyí tí ń sọ pàǹtírí di ilẹ̀dú. Wọn kò lè dán gbogbo wọn wò, nítorí náà wọ́n á mú díẹ̀ ṣojú fún ìyókù. Wọ́n á wá fún wọn ní prótéènì náà jẹ nínú yàrá ìwádìí, ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ìwọ̀n tí wọn yóò bá pàdé nínú oko. Bí kòkòrò náà bá yè é, wọ́n á gbà pé yóò yè é nínú oko pẹ̀lú. Bí ó bá kú, tàbí tí kò lè pamọ mọ́, wọn kò ní tíì dájọ́. Wọ́n á gbé ìdánwò náà jáde sínú àgọ́ aláwọ̀n, láti ibẹ̀ lọ sí oko gan-an, níbi tí òjò àti oòrùn wà.

Àbùkù kan wà nínú ètò yìí tí a kò ní fi pamọ́ fún yín. Ẹni tí a mú ṣojú lè má jọ ẹni tí ó ń ṣojú fún. Púpọ̀ nínú àwọn ìdánwò wọ̀nyí ni a ṣe lórí kòkòrò Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí ìjàlọ ti ń jà ní ilẹ̀ yìí yóò gbà pé kòkòrò ibí ní ìwà tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dé ọ̀dọ̀ oyin wàyí. Oyin ni a ti dán wò jù nínú gbogbo kòkòrò olóore. Ní 2008 àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 25 jọ, nínú èyí tí a ti fi prótéènì Bt bọ́ oyin, àgbà àti ọmọ. Àpapọ̀ wọn fi hàn pé èyí tí ó jẹ ẹ́ kò kú ju èyí tí kò jẹ ẹ́ lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: oyin kì í ṣe labalábá, ìfun rẹ̀ kò sì ní àgádágodo náà. Ó tún kù ibi tí oyin yóò ti bá a pàdé. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó àgbàdo kiri, ṣùgbọ́n oyin a máa lọ kó nínú rẹ̀ ní àárọ̀, nítorí náà yóò jẹ díẹ̀. Ní ti ẹ̀wà, òdòdó rẹ̀ ń gba ara rẹ̀ lóyún kí ó tó là tán. Àwọn oyin dúdú ńlá tí ń gbẹ́ igi ni ó lágbára láti ṣí òdòdó rẹ̀ dáradára. Bí olóyin kan ní Ìfọ̀ bá wá bá wa pé àgbàdo Bt yóò pa oyin òun, èsì wa ni pé ẹ̀rí kò fara mọ́ ọn. Bí ó bá sọ pé oògùn tí aládùúgbò òun ń fín ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, nígbà tí oyin wà lórí òdòdó, ni ó pa á, a ó gbà á gbọ́ kí ó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Labalábá ni ó dá ìjà tí ó tóbi jù sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1999 àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wọ́n ìyẹ̀fun òdòdó àgbàdo Bt sórí ewé kan, wọ́n fún ìdin labalábá tí wọ́n ń pè ní monarch jẹ, púpọ̀ nínú wọn sì kú. Ìròyìn náà káàkiri ayé. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn labalábá yìí, nítorí pé ẹwà rẹ̀ pọ̀, ó sì ń rin ìrìn-àjò jíjìn lọ sí Mẹ́síkò lọ́dọọdún. Àwọn mìíràn wá jáde lọ sí oko láti wọn bí ìyẹ̀fun òdòdó tí ń bọ́ sórí ewé náà ti pọ̀ tó, àti iye ìdin tí ó wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí àgbàdo ń tanná. Ní 2001 wọ́n tẹ èsì wọn jáde: ìyẹ̀fun tí ó ń bọ́ sórí ewé kéré, ìgbà tí ó ń bọ́ kò sì bá ìgbà púpọ̀ nínú ìdin mu, nítorí náà ewu náà kéré gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n rí oríṣi àgbàdo Bt kan, tí wọ́n ń pè ní 176, tí prótéènì inú ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì, tí ó sì lè pa ìdin náà lóòótọ́. Èyí kúrò lórí igbá. Ohun tí àwa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ sọ pé "Bt" bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni. Irúgbìn kọ̀ọ̀kan ni kí á bèèrè ìwé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agbọ́n ni ó ta kókó jù, òun ni a sì fẹ́ dúró lé díẹ̀. Kì í ṣe agbọ́n tí ń ta ènìyàn lójú ni a ń sọ, bí kò ṣe àwọn kéékèèké tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, tí ń yé ẹyin wọn sínú kòkòrò mìíràn, tí ọmọ wọn yóò sì jẹ kòkòrò náà láti inú wá. Àwọn àgbà ọmọ ẹgbẹ́ yóò rántí kòkòrò funfun tí ó bo orí ẹ̀gẹ́ láàrin àwọn ọdún 1970 sí 1980, tí ó ń ká ewé rẹ̀ kò bí ìkúùkù. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, kò sì sí ohun tí ó mọ bí a ti ń pa á níhìn-ín. Àwọn onímọ̀ lọ wá ọ̀tá rẹ̀ dé ilẹ̀ Paragúáì, wọ́n rí agbọ́n kékeré kan tí ń jẹ́ Anagyrus lopezi, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní IITA ní Ìbàdàn ní oṣù Kọkànlá 1981. Agbọ́n náà fò kúrò níbẹ̀, ó gba oko dé oko, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn títí tí kòkòrò funfun náà fi rọlẹ̀. Hans Herren tí ó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Gàrí tí à ń jẹ lónìí, agbọ́n náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa fún un. Ní 1981 kan náà ni àwọn ará Màléṣíà wá kó kòkòrò tí ń bẹ òdòdó ọ̀pẹ wò láti Kamẹrúùnù lọ sí ilẹ̀ wọn, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó ọ̀pẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ rí i pé kòkòrò olóore jẹ́ owó ìfowópamọ́ tí a kò kọ sínú ìwé akápò.

Irú agbọ́n bẹ́ẹ̀ wà fún ámìwọ́ọ̀mù náà. Èyí tí ń jẹ́ Telenomus remus ń yé sínú ẹyin ámìwọ́ọ̀mù kí ó tó pa rárá. Wọ́n ti rí i ní orílẹ̀-èdè Benin àti ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn. Wàyí o, bí àgbàdo bá ti ń pa ìdin, kí ni agbọ́n tí ń gbé ara ìdin yóò jẹ? Ní 1998 àwọn onímọ̀ ní Switzerland sọ pé kòkòrò kan tí ń pa kòkòrò jẹ ń kú jù bó ti yẹ nígbà tí wọ́n fún un ní ìdin tí ó ti jẹ àgbàdo Bt. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ àwọn mìíràn tú u wò: nígbà tí wọ́n fún un ní prótéènì náà ní tààrà, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹran tí ó jẹ ni ó ti ń ṣàìsàn. Ẹni tí ó bá jẹ adìẹ tí àrùn ti gbẹ kò ní sanra, bí kò tilẹ̀ sí májèlé nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìtùnú pátápátá fún agbọ́n tí ìdin kan ṣoṣo jẹ́ ilé àti oúnjẹ rẹ̀. Nínú oko Bt, agbọ́n tí ń gbé inú ìdin yóò dín kù, nítorí pé ilé rẹ̀ ti dín kù. Oògùn tánkì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà, ó ń pa onílé àti àlejò pọ̀.

Ohun tí ó lè gba agbọ́n náà là ni igbó. Kòkòrò tí ń jẹ òdòdó àti èso ẹ̀wà, tí wọ́n ń pè ní Maruca, kì í gbé orí ẹ̀wà nìkan. Ó ń gbé lórí àwọn igi àti ìtàkùn inú igbó tí wọ́n bá ẹ̀wà tan, bí igi gbèǹgbè tí ń hù létí odò. IITA tí ó wà ní Benin ti kó agbọ́n méjì wá láti Éṣíà nítorí Maruca, wọ́n sì ti tú wọn sílẹ̀ ní Benin àti ní àwọn orílẹ̀-èdè àyíká rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí igbó bá wà, agbọ́n wọ̀nyí yóò rí ilé wọ̀ sí. Ẹ wá wo ẹ̀bá títì wa níhìn-ín, láti Ìbafò dé Mowe: ibi tí ó jẹ́ igbó nígbà kan ti di ẹ́sítéètì, katakata sì ń hó lójoojúmọ́. Ní ojú tiwa, ìyẹn ń lé kòkòrò olóore ju irúgbìn èyíkéyìí lọ, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ NBMA kò lè bá wa dá katakata dúró.

A dé ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí pin sí. Ní 2007 àwọn onímọ̀ kan kó ìdánwò oko 42 jọ, lórí òwú àti àgbàdo Bt. Wọ́n fi oko Bt wé oko méjì. Nígbà tí wọ́n fi wé oko tí kì í ṣe Bt, ṣùgbọ́n tí a ń fín oògùn sí, kòkòrò tí a kò bá jà pọ̀ nínú oko Bt ju ti olóògùn lọ. Nígbà tí wọ́n fi wé oko tí kì í ṣe Bt, tí ẹnikẹ́ni kò sì fín nǹkan kan sí, irú àwọn kòkòrò kan kéré sí i nínú oko Bt. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ẹni tí ó fẹ́ tà á fún yín yóò ka ìdajì àkọ́kọ́ sí yín létí. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ rà á yóò ka ìdajì kejì. Ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò sọ èwo nínú oko méjèèjì ni tirẹ̀.

Àgbẹ̀ ẹlẹ́wà ní òkè Ọya ń fín oògùn ní bí ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó kórè. Pẹ̀lú SAMPEA 20-T, ó lè dín in kù sí bí ìgbà méjì, nítorí àwọn kòkòrò tí Bt kò pa, bí iná ewé àti àwọn tí ń fa omi èso. Ìgbà mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí kò fín oògùn mọ́, oyin àti agbọ́n ni wọ́n jèrè rẹ̀, àti ènìyàn pẹ̀lú. Ẹ ó rántí pé láti 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà wa nítorí oògùn dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀. Ní Ṣáínà pẹ̀lú, wọ́n fi ogún ọdún, 1990 sí 2010, ka kòkòrò ní ibi 36, ṣáájú kí òwú Bt tó dé àti lẹ́yìn tí ó dé; bí oògùn ti ń dín kù ni aláǹtakùn àti àwọn kòkòrò tí ń pa kòkòrò jẹ ń pọ̀ sí i, kódà nínú oko àgbàdo àti ẹ̀pà tí ó wà nítòsí. Ní ilẹ̀ kan náà, àwọn kòkòrò afàmu tí Bt kò pa wá pọ̀ nínú oko òwú, nítorí pé oògùn tí ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ ìdin tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Ọ̀nà kan kọ́ ni ọjà wọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá kan tí ó gbin àgbàdo pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ ní ìdajì sarè lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Mowe, tí kò fín oògùn rí, tí eèrà àti agbọ́n ń bá a ṣọ́ oko, kò sí oògùn tí yóò dín kù fún un. Ohun tí irúgbìn náà lè fún un ni àgbàdo tí ámìwọ́ọ̀mù ì bá jẹ. Kí ó fi ìyẹn wé owó irúgbìn kí ó tó yá owó. Olóko tí ó ń fín lẹ́ẹ̀mẹrin ní Ìfọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù, bí ó bá jẹ́ pé yóò gbé tánkì sílẹ̀ lóòótọ́. Bí ó bá ra irúgbìn olówó iyebíye tán, tí ó sì ń fín oògùn bí ti àtẹ̀yìnwá nítorí pé ọwọ́ ti mọ́ ọn, owó ẹgbẹ́ ni ó ṣòfò, kò sì sí oyin kan tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń ta irúgbìn kì í fi ohùn rara sọ. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní 2007, wọ́n kéde pé kòkòrò kan tí ń lu igi àgbàdo ti mọ bí a ti ń jẹ àgbàdo Bt láìkú, kò sì tíì pé ọdún mẹ́wàá tí àgbàdo náà dé ibẹ̀. Wọ́n ti sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n fi apá kan oko sílẹ̀ fún àgbàdo lásán, kí ìdin tí Bt lè pa má baà tán, kí èyí tí ó ti le má baà rí ara rẹ̀ nìkan gùn. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe é. Nígbà tí Bt kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, inú tánkì ni àgbẹ̀ yóò padà sí, àǹfààní oyin yóò sì bá a lọ. Nítorí náà, igun àgbàdo lásán yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan. Níbi tí oko wa ti fara kan ara wọn báyìí, ó lè yẹ kí aládùúgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ pín in láàrin ara wọn, irú iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ yín kí ìgbìmọ̀ tó dá ohùn kankan sílẹ̀ lórí irúgbìn náà kò ná yín ju pẹ́ńsù àti ìwé lọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀, kí ìrì tó gbẹ tán, ẹ rin àárín àgbàdo yín, ẹ wo igi 20, ẹ máa yà láti igun dé àárín. Ẹ kọ iye ámìwọ́ọ̀mù tí ẹ rí, iye aláǹtakùn, eèrà, kòkòrò kékeré pupa tí ó ní àmì dúdú lẹ́yìn, àti èyí tí ìdí rẹ̀ rí bí ẹ̀mú. Bí ẹ bá rí ìdin tí ó dúró gbagidi, tí nǹkan funfun bí ìrẹsì kékeré lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ pa. Agbọ́n ni ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fín oògùn àti orúkọ tí ó wà lára ike rẹ̀. Kí àwọn olóyin ka iye oyin tí ó wọ ẹnu ilé kan láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún, ní aago kan náà nígbà gbogbo. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àkókò yìí, nígbà tí àgbàdo lásán ṣì wà nínú oko, kí a lè ní ohun tí a ó fi wé ti ọjọ́ iwájú. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ìwé náà jọ, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí wa kí ìpàdé gbogbogbò tí ń bọ̀ tó dé. Ẹni tí kò bá rí kòkòrò kankan ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, kí ó kọ òdo sílẹ̀. Òdo náà wúlò fún wa.